Ẹ Má Pa Iṣẹ́ Àwọn Ẹ̀gbọ́n Wa Rẹ́: Ẹ Kó O Lọ Sórí Dísìkì Mìíràn

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ nílẹ̀ nínú ẹ̀ka wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mi ò sì rò pé ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà nìkan. Sáfà tí a ń kó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Dísìkì rẹ̀ kò ju 500GB lọ, àyè tó sì ṣẹ́kù kò lè gba iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ jáde lọ́dún yìí. Àbá tó ń jà ràn-ìn ni pé kí a pa àkọsílẹ̀ àwọn tó jáde ṣáájú 2012 rẹ́, kí àyè lè wà fún ti àwọn tuntun.

Èmi kò fara mọ́ àbá yìí. Èrò mi ni pé kí a ra dísìkì mìíràn, kí a kó àwọn fáìlì dátábéèsì náà lọ síbẹ̀, kí a sì kó wọn bó ṣe yẹ. N ó sọ ìdí mi, n ó sì sọ bí a ṣe lè ṣe é, nítorí ẹni tó bá ní kí a má gba ọ̀nà kan, ó yẹ kó lè fi ọ̀nà mìíràn hàn wá.

Kí ló wà lórí dísìkì yìí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àkọlé iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ṣe é, olùkọ́ tó bójú tó o, àkékúrú rẹ̀, kóòdù rẹ̀ àti máàkì tó gbà: gbogbo rẹ̀ ló wà nínú dátábéèsì náà. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀dà iṣẹ́ wọn kù sí. Fláàṣì tí wọ́n fi pamọ́ ti sọnù, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fi kọ ọ́ ti kú tipẹ́, ìwé tí wọ́n dì fún ẹ̀ka sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán ti bẹ̀ wò. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣì máa ń kọ̀wé sí wa pé kí a bá wọn wá iṣẹ́ wọn jáde, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ tún kàwé ní kí wọ́n fi hàn.

Àwa tó wà nílé náà ń jẹ níbẹ̀. Kí olùkọ́ tó fọwọ́ sí àkọlé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, inú dátábéèsì yìí ló ti ń wò bóyá ẹnìkan ti ṣe é rí. Bí a bá pa ti àwọn tó ṣáájú rẹ́, ẹnìkan yóò tún jókòó ṣe ètò ìyáwèé fún ilé ìkàwé tí èèyàn mẹ́wàá ti ṣe ṣáájú rẹ̀, yóò sì rò pé òun ni àkọ́kọ́. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Pípa rẹ́ kò dá àyè padà

Àwọn tó mú àbá yìí wá rò pé dísìkì dà bí àpótí aṣọ: bí a bá ti yọ aṣọ kan kúrò, àyè ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Dátábéèsì kò rí bẹ́ẹ̀. MySQL ni ẹ̀ka wa ń lò, InnoDB ló sì ń bá a tọ́jú àwọn tébù. Bí ẹ bá fi DELETE pa ìlà 10,000 rẹ́ nínú tébù kan, InnoDB yóò ka àyè náà sí òfìfo, yóò sì máa kó ìlà tuntun tébù kan náà sí i. Ṣùgbọ́n fáìlì .ibd tó wà lórí dísìkì kò ní dín kù. Bí ó ṣe tóbi tó láàárọ̀ ni yóò ṣe tóbi tó lálẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí fáìlì náà kéré sí i, OPTIMIZE TABLE ni ẹ ó lò. Ohun tí àṣẹ yìí ń ṣe fún InnoDB ni pé ó ń kọ́ tébù náà lákọ̀tun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ìgbà tó bá parí ló tó ń da ti àtijọ́ nù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ nílò àyè kí ẹ tó lè rí àyè. Lórí dísìkì tó ti kún, níbo la ó ti rí i? Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo PostgreSQL náà nìyẹn: VACUUM lásán ń jẹ́ kí tébù lè tún àyè òfìfo lò, VACUUM FULL ló ń dá a padà fún dísìkì, òun náà sì ń kọ ẹ̀dà tuntun kí ó tó pa ti àtijọ́ rẹ́.

Lóòótọ́, iṣẹ́ àwọn tuntun lè wọ inú àyè òfìfo yẹn. Mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n tébù yẹn nìkan ló ni àyè náà. Àwọn tébù mìíràn, àwọn fáìlì log, àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ àti Ubuntu fúnra rẹ̀, tí gbogbo wọn jọ ń gbé lórí dísìkì kan náà, kò ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, àyè náà á tún kún, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún lórí ìka: ta ló kàn láti pa rẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí lónìí, ẹ̀yin náà á kàn.

Ohun kan tún wà tó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ. Nígbà tí dísìkì bá kún tán pátápátá, ẹni tó bá wà nídìí sáfà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò pa rẹ́ kíákíá. Nínú PostgreSQL, fódà kan wà tó ń jẹ́ pg_xlog tẹ́lẹ̀. Nítorí pé “log” wà nínú orúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn rò pé ìwé ìròyìn lásán ni, wọ́n ń pa á rẹ́ láti rí àyè, dátábéèsì wọn ò sì gbéra mọ́. Ara ohun tó jẹ́ kí wọ́n yí orúkọ náà padà sí pg_wal nìyẹn nígbà tí ẹ̀yà 10 jáde ní 2017. Ẹni tí àyè há mọ́ kì í ronú dáadáa. Kí a kó ẹrù nísinsìnyí tí ara ṣì tù wá sàn ju kí a máa ju nǹkan síta lóru.

Kíkó o kò le, ṣùgbọ́n ó ní ètò

Kíkó fáìlì dátábéèsì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kíkó ilé. Kò sí ẹni tó ń gbé àdògán nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ ṣì ń hó lórí rẹ̀. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ ni pé kí MySQL dúró ná. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, apá kan dátà wà lórí dísìkì, apá kan ṣì wà nínú mẹ́mórì, apá kan sì wà nínú redo log tí kò tíì dé inú tébù. Bí ẹ bá ń da àwọn fáìlì náà kọ báyìí, ẹ lè da ti àkọ́kọ́ kọ ní aago mẹ́wàá, kí ẹ sì da ti ìgbẹ̀yìn kọ ní aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò ní bára mu. Ẹ̀dà náà á pé lójú, ìwọ̀n rẹ̀ á pé, inú rẹ̀ ni kò ní pé.

Kí a tó dá a dúró rárá, kí a ti ṣe backup pẹ̀lú mysqldump, kí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì dá a padà níbẹ̀ láti rí i pé ó ṣiṣẹ́. Backup tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá padà rí, ìrètí lásán ni. Kí a ka iye ìlà tó wà nínú tébù kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a bi MySQL fúnra rẹ̀ pẹ̀lú SELECT @@datadir pé ibo ló ń gbé. Lórí Ubuntu, /var/lib/mysql ni yóò dárúkọ bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì yí i padà.

Lẹ́yìn èyí, kí a so dísìkì tuntun mọ́ ọn, ká ní ní /mnt/data, kí a sì kọ ọ́ sínú /etc/fstab pẹ̀lú UUID rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní UUID ni pé dísìkì tó ń jẹ́ /dev/sdb lónìí lè di /dev/sdc lọ́la bí a bá ki dísìkì mìíràn bọ̀ ọ́. UUID kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ìgbà yìí la ó wá dá MySQL dúró, tí a ó fi ojú wa rí i pé ó dúró, tí a ó sì fi àṣẹ yìí da fódà náà kọ:

rsync -av /var/lib/mysql /mnt/data/

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìlà wíwọ́ lẹ́yìn mysql. Bí ẹ bá fi í síbẹ̀, ohun tó wà nínú fódà náà á dà sílẹ̀ gbalaja sí /mnt/data, fódà mysql fúnra rẹ̀ kò sì ní tẹ̀ lé e. Lẹ́tà a tó wà nínú -av ló ń rí i pé ẹni tó ni fáìlì àti àṣẹ tó wà lórí rẹ̀ kò yí padà.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí a ò kàn lo mv. Láti dísìkì kan sí òmíràn, mv kì í ṣe gbígbé lásán. Dídàkọ ló ń ṣe, lẹ́yìn náà ló ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí iná lè lọ nígbàkigbà, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun máa pa nǹkan rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bí iná bá lọ nígbà tí rsync ń ṣiṣẹ́, ti àtijọ́ wà níbẹ̀ digbí. Ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, yóò fo àwọn fáìlì tó ti kó tán, yóò sì máa bá èyí tó kù lọ.

Bí ó bá parí, a ó yí orúkọ fódà àtijọ́ padà sí mysql.bak, a ó sì yí datadir padà nínú /etc/mysql/mysql.conf.d/mysqld.cnf. Ibí yìí lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ̀. Wọ́n á ní kí MySQL bẹ̀rẹ̀, yóò kọ̀, “Permission denied” ni wọ́n á sì rí nínú log. Mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ìdánrawò kan kí n lè fi ojú ara mi rí i, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: ẹni tó ni fáìlì tọ̀nà, datadir tọ̀nà, síbẹ̀ ó kọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan wà lórí Ubuntu tó ń jẹ́ AppArmor. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tó sọ fódà tí ètò kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ kàn. /var/lib/mysql wà nínú ìwé ti MySQL, /mnt/data kò sí níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá dé ibí yìí ni pé wọ́n á tẹ chmod 777. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. AppArmor ò tilẹ̀ wo ìyẹn, nítorí náà kò ní tán ìṣòro yín. Ohun tó máa ṣe ni pé yóò ṣí máàkì gbogbo wa sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè wọ orí sáfà náà. Oògùn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ nínú /etc/apparmor.d/tunables/alias:

alias /var/lib/mysql/ -> /mnt/data/mysql/,

Kọ́mà tó wà ní ìparí rẹ̀ ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn náà, kí a tún AppArmor bẹ̀rẹ̀, kí MySQL tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń lo Red Hat àti àwọn ìbátan rẹ̀, SELinux ni ẹ̀ṣọ́ tiwọn, semanage fcontext àti restorecon ni wọn yóò fi bá a sọ̀rọ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí ó bá gbéra, iṣẹ́ ò tíì tán. Kí a tún béèrè @@datadir, kí a tún ka iye ìlà tébù kọ̀ọ̀kan, kí a fi í wé èyí tí a kọ sílẹ̀. Kí a pa sáfà náà, kí a tún tàn án, kí a rí i pé dísìkì tuntun so mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni a tó lè sọ pé a ti kó dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni irú nǹkan yìí lè bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab ń gbìyànjú láti tún sáfà kejì dátábéèsì PostgreSQL wọn ṣe. Ó fẹ́ pa fódà dátà tó wà lórí sáfà kejì yẹn rẹ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Orí sáfà àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo ayé ń lò, ló ti tẹ àṣẹ náà. Kí ó tó dá a dúró, nínú nǹkan bí 300GB, nǹkan bí 4.5GB ló ṣẹ́kù.

Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní láti fi dáàbò bo dátà wọn. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. pg_dump tí wọ́n fọkàn tán jẹ́ ti ẹ̀yà 9.2, ẹ̀yà 9.6 sì ni dátábéèsì wọn, nítorí náà ó ń kùnà lójoojúmọ́, ìwé ìkìlọ̀ tó yẹ kó sọ fún wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú fún iṣẹ́ mìíràn ló yọ wọ́n. Dátà wákàtí mẹ́fà ló bá a lọ.

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òpè. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ nìkan kò tó; ètò ló ń gbani. Bí ó bá jẹ́ pé yíyí orúkọ fódà padà ni wọ́n ṣe dípò pípa á rẹ́, bí ẹnìkejì bá jókòó tì í tó ń ka orúkọ sáfà sókè kó tó tẹ àṣẹ, ìtàn náà ì bá yàtọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn tó ní èrò mìíràn

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí a kúkú gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí cloud. Èrò tó dára ni, mi ò sì kórìíra cloud. Ṣùgbọ́n owó ìyá ilé lórí cloud kì í tán, oṣooṣù ni, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi dọ́là gba owó wọn. Ẹ̀ka tó ń tọrọ owó díṣẹ́ẹ̀lì, ta ni yóò máa san owó yẹn ní ọdún mẹ́wàá sí i? Bí oṣù méjì bá kọjá láìsan án, iṣẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa tún wà nínú ewu tí à ń sá fún. Ẹ̀ẹ̀kan la ń ra dísìkì.

Àwọn mìíràn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má fọwọ́ kan sáfà rárá, kí a pe oníṣẹ́ láti ìta. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń kọ́ wa ní SQL fún sáà méjì, a lè kọ JOIN tó gùn bí okùn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ń jáde láìmọ ibi tí tébù ń sùn lórí dísìkì. Ọ̀gá wa tó ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà mọ iṣẹ́ yìí. Kí ó darí rẹ̀, kí a kọ́kọ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ìdánrawò níwájú rẹ̀, kí ó tó kan sáfà gidi.

Ohun tí mò ń béèrè

Mo ní ohun mẹ́rin láti bẹ̀bẹ̀ fún níwájú HOD wa àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde.

Èkínní, kí ẹnikẹ́ni má pa ìlà kan rẹ́ títí a ó fi kó dátà yìí tán. Èkejì, kí a kọ ètò náà sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí èèyàn méjì jókòó tì í, kí a ṣe é nígbà ìsinmi tí kò sí ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí inverter sì wà ní kíkún. Ẹ̀kẹta, kí mysql.bak wà níbẹ̀ fún odindi sáà kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹrin, lọ́jọ́ tí a bá máa yọ dísìkì àtijọ́ kúrò, kí a nù ún mọ́ pátápátá kó tó jáde nínú ẹ̀ka. Orúkọ èèyàn àti máàkì èèyàn ló wà níbẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní 2023 sì ti gbé e lé ẹni tó bá ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí pé kó dáàbò bò ó. A kò gbọ́dọ̀ bá a lórí àtẹ ẹni tó ń ta dísìkì àlòkù.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ọwọ́ yín la ń wò. Dísìkì méjì ni mò ń tọrọ, kì í ṣe ẹyọ kan: ọ̀kan fún dátábéèsì, èkejì fún backup tí yóò máa gbé nínú yàrá mìíràn. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ìpàdé ẹ̀ka bá dé, ẹ má jókòó sílé. Ẹ wá sọ fún wọn pé a ò fẹ́ pípa rẹ́, kí ẹ sì sọ pé a ti ṣe tán láti gbé ẹrù náà.